Ọjọ́ Tí A Ru Ọkọ̀ Ojú Omi Gba Márosẹ̀ Lẹ́kí

Nígbà tí wọ́n ṣì ń la márosẹ̀ Lẹ́kí, tí eruku ibẹ̀ ń sọ ọ̀dọ́ di arúgbó kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi ni alága ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ìsédò tí yóò máa pèsè iná mànàmáná sí abúlé wa ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ rò pé orí fóònù ni wọ́n ti ń jà, ẹ gbọ́ o.

Nínú àwòrán ìsédò yẹn, wọ́n ya ibi tí ẹ̀rọ yóò jókòó, àní wọ́n ya ibi tí àwọn ọ̀gá yóò gbé mọ́tò sí. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni kò sí. Bẹ́ẹ̀, òdìkejì odò ni oko Ìyá Àdùkẹ́, àgbà àgbẹ̀ abúlé wa, wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń la omi náà kọjá. Bí wọ́n bá sé odò, oko ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́: a ní a ò po kọnkéré mọ́. Àwọn ọ̀gá ní ká lọ bá àwọn tó ya àwòrán ní Igbó Ẹfọ̀n, lójú márosẹ̀ Lẹ́kí.

La bá gbéra, àwa àti Ìyá. Ní Àjá, kí a tó dé ibẹ̀, a yá ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ apẹja kan.

"Ẹ rọra o," ó ní. "Ọkọ̀ tó bá ti rin márosẹ̀, ṣé ó tún máa gbà láti wọ omi?"

À ń gba ọkọ̀ náà rù fún ara wa, gbogbo ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé, Ìyá wọ inú ọkọ̀, wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n ń tu afẹ́fẹ́!

Mégàádì dí wa lọ́nà. "Màmá, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró síwájú géètì o."

"Kò ní pẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó ya àwòrán ni mo wá gbé. Òun ni yóò máa tù mí lọ sóko."

Ẹnjiníà tó ya àwòrán jáde, obìnrin kan báyìí, ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. A ò mọ̀ pé èèyàn ń gba ibẹ̀."

"Ṣé ẹ débẹ̀ rí ni?"

"Rárá, mà."

"Ó yá, wọlé ká lọ."

Áà! Obìnrin yìí bọ́ bàtà, ó wọ inú ọkọ̀ jókòó tì wọ́n. Ibẹ̀ ló ti fi bírò fa afárá sórí àwòrán, bí Ìyá ṣe ń júwe ọ̀nà. Inú mi dùn dé ọmú.

Afárá wà lónìí. Ibi tí a ti kọ́ ìwẹ̀ odò ní kékeré lómi ti bò mọ́lẹ̀, ó sì ń dùn mí. Awoyaya, lójú ọ̀nà Lẹ́kí, ni mo ń gbé báyìí. Nígbà tí mo lọ kí Ìyá lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo rí wọn lórí afárá nírọ̀lẹ́, wọ́n ń toko bọ̀. Ẹ̀rọ ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wáyà iná sì gba òkè abúlé kọjá lọ sílùú ẹlòmíì. Àtùpà epo ló wà lọ́wọ́ wọn.

"Alága," wọ́n ní, "bá mi gbé e, kí n lè rí ọ̀nà."

Mo gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọwọ́ ti ń dun èmi náà o, ẹ wá gbà á.