Òwúrọ̀ Tí Mo Wàásù Nílé Àna Mi

Òjò ló dá àwọn ará Odò-Orò dúró sílé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ká ní kò rọ̀ ni, wọn ì bá ti lọ sóko kí a tó ti Ìkọ̀lé rìn débẹ̀. Inú ìyá àgbà tí èmi àti òun jọ ń wàásù láti ilé dé ilé ń dùn. Ó ní, "Gbogbo ilé ló kún lónìí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ṣùgbọ́n mo ń fà sẹ́yìn bí a ṣe ń rìn.

Ó mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Àdúgbò tí a fẹ́ wọ̀ yẹn ni ilé àna mi wà. Wọ́n ti fẹ́ mi sọ́nà fún ọmọkùnrin wọn tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, ó ku bàbá. Nígbà náà, ọmọbìnrin tí a fẹ́ sọ́nà kì í jẹ́ kí àna rí ojú òun. Bí mo bá pàdé wọn lọ́jà, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń sá sí. Bí kò bá sí ibi tí mo lè sá sí, mo máa ń fi ìborùn bo orí, kí n kúnlẹ̀, kí n dákẹ́. Ta ló gbọ́ rí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé wọn, ká má tilẹ̀ sọ pé ó la ẹnu níbẹ̀ kọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Bàbá náà sì ti sọ ọ́ létí bàbá mi pé obìnrin tó bá ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé nítorí ìwàásù kò lè di ìyàwó nílé òun. Kò tíì mọ̀ pé mo wà lára wọn.

Ìyá ní, "Bí o bá fẹ́ ká fo ilé wọn, a ó fò ó. N kò ní bá ọ jà." Ó rìn díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o sọ fún Ọlọ́run pé a fò ó."

A máa ń gbà á fún ara wa ni. Bí òun bá sọ̀rọ̀ ní ilé kan, èmi ni n ó sọ ní èyí tó tẹ̀ lé e. Mo wo iwájú, mo rí i pé òun ni ilé àna mi yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. N ó kàn kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nílé tó ṣáájú, níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀, obìnrin kan ń wẹ ọmọ tuntun lọ́wọ́, ọmọ ń ké tòò. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Eléyìí kò ní jẹ́ kí n gbọ́." Bí a ṣe jáde, Ìyá yíjú sí mi. Èmi ló ṣì kàn, nítorí n kò tíì sọ̀rọ̀.

Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé, Olúwa, n kò mọ̀ ọ́n sọ. Bí O bá fẹ́ kí n sọ ọ́, Ìwọ ni kí O bá mi la ẹnu yìí.

Kí a tó débẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró àdá. Bàbá náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ́n àdá lórí òkúta, ó ń retí kí òjò dá pátápátá kí ó lè lọ sóko. Ìyá kí i. Mo bo orí, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Àwọn wo nìyí?" ni Bàbá wí. Kò dá àdá dúró.

Ìyàwó ilé kan tó ń gúnyán lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìborùn mi. Ó figbe ta.

"Yéè! Ẹ wá wò ó o! Ìyàwó wa ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá! Ìyàwó, ọkọ rẹ kò sí nílé o, Ìbàdàn ló wà. Ṣé ìkánjú ọkọ ló gbé ọ wá ni?"

Àwọn obìnrin tú jáde. Ẹnì kan ní, "Ẹ tẹ́ ẹní fún un. Ó ti dé nìyẹn, a kò tún gbé ìyàwó mọ́!" Ẹ̀rín sọ. Ìró àdá sì dáwọ́ dúró. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju ẹ̀rín wọn lọ.

Bàbá bi Ìyá pé, "Ṣé ọmọ yìí wà lára àwọn tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé?"

"Ẹ bi í, Bàbá. Òun ni ọ̀rọ̀ kàn lónìí."

Mo rò ó pé kí n dìde kí n sá. Bí mo bá sá, wọn yóò ní ojú ló tì mí, ìgbéyàwó mi kò ní bàjẹ́. Mo ṣí Bíbélì lábẹ́ ìborùn, ojú mi kò rí lẹ́tà kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo rántí, pé Ọlọ́run mọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yìí, ó mọ ẹni tó wà ní Ìbàdàn, kò sì gbàgbé àwọn tó ti kú. Etí mi fúnra mi ló ṣòro fún láti gbọ́ ohùn mi.

"Dúró," ni Bàbá wí. "Ṣé o jí ọ̀rọ̀ yìí ni, tí o fi ń bá ilẹ̀ sọ ọ́?"

Mo tún tẹrí ba sí i.

"Gbé orí sókè. Èmi ni mo ní kí o gbé e."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ṣí ìborùn. Mo rí ojú rẹ̀ nítòsí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jọ ti ọmọ rẹ̀ gan-an. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ àwọn òkú nígbà tó dìde, tó mú àdá rẹ̀. "Òjò ti dá," ó wí, ó kọjá lára wa lọ sóko.

Mo sunkún dé Ìkọ̀lé.

Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, wọ́n máa ń ru díẹ̀ wá fún bàbá mi láti ilé àna. Bí iṣu kò bá wá, ọ̀rọ̀ ìyàwó tán nìyẹn. Ọdún yẹn, àwọn aládùúgbò ti ń jẹ iṣu tuntun, tiwa kò dé. Bàbá mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá mi ń wo ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó. Èmi ń gbàdúrà. Àdúrà tí mo ń gbà ni pé kí n má kábàámọ̀, bí iṣu kò bá tilẹ̀ dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó ilé tó fi mí ṣẹlẹ́yà yẹn wọlé, iṣu lórí rẹ̀. Mo sá sí ilé ìdáná. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì pariwo kí n lè gbọ́.

"Ìyàwó oníwàásù, má sá o! Bàbá ní òun kò ní bá yín ṣe ìjọ yín o. Ó ní ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ní o kò sọ ọ̀rọ̀ àwọn òkú yẹn parí. Ó ní lọ́jọ́ tí o bá padà wá, kí o má tún bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ìborùn mi wà lórí okùn níta. N kò wá a. Mo jáde bẹ́ẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í pé ọjọ́ wo ni Bàbá kì í lọ sóko.