Ìkúnwọ́ Sìmẹ́ńtì Idwal

Ogún ọdún rèé tí mo ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tí mo sì ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà odi àtijọ́ Castell Gwylan nílẹ̀ Wales, mo mọ ìró ẹsẹ̀ Eluned Pritchard dáadáa. Lọ́sẹ̀ yẹn, ara rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Á gun àkàsọ̀, á sọ̀, á tún gùn ún.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé èérún ẹfun tó so òkúta pọ̀, kó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, kó sì sọ ẹni tó kọ́ ògiri kọ̀ọ̀kan. Ògiri tí wọ́n fi iyanrìn odò po ẹfun rẹ̀, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wa ló kọ́ ọ. Èyí tó ní ìkarahun òkun nínú, ọmọ aládé tiwa, àwa ará Wales, ló kọ́ ọ. Ìkarahun kún inú èérún ilé ìṣọ́ ńlá. Gbogbo abúlé ti gbọ́, a ti ń yọ̀ pé tiwa ni, èmi gan-an ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀ fáwọn àlejò Gẹ̀ẹ́sì.

Àmọ́ Eluned tún rí hóró sìmẹ́ńtì nínú èérún náà, bẹ́ẹ̀ láyé àwọn ọmọ aládé, kò tíì sí sìmẹ́ńtì. Idwal bàbá rẹ̀ ló tún ilé ìṣọ́ yẹn ṣe nígbà tó ń ṣe bíríkìlà, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Idwal kì í fi sìmẹ́ńtì kan ògiri àtijọ́, torí ó máa ń ba òkúta jẹ́. Ó ti lé ọmọṣẹ́ mẹ́ta dànù nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Eluned jábọ̀ ìwádìí rẹ̀, bàbá náà wá mu tíì lọ́dọ̀ mi. Eluned dúró tì í, kò jókòó.

"Bàbá mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ fi sìmẹ́ńtì sí ilé ìṣọ́ yìí?"

"Èmi Idwal? Ta ló ń sọ ìsọkúsọ fún ẹ?"

"Awò mi ni."

Bàbá gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ìkúnwọ́ kan péré. Oṣù kọkànlá ọdún 1974 ni. Yìnyín ń bọ̀, ẹfun ò tíì gbẹ, gbogbo ẹ̀ ì bá já lulẹ̀."

"Ìkarahun yẹn ńkọ́?"

"Etíkun ni mo ti ṣà á."

"Kí lẹ bá nínú ẹfun ògiri náà tẹ́lẹ̀?"

"Iyanrìn odò. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ tiwa ni, ọmọ mi."

Inú bí mi, n ò ní purọ́. Wọ́n ní bírọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Ti Idwal ti lọ ju ogún lọ. Ní ti Eluned, ẹ̀rù ló bà á. Bó bá kọ òtítọ́, orúkọ bàbá rẹ̀ bàjẹ́. Bó bá dákẹ́, òun náà ti di òpùrọ́.

Bàbá náà ló kọ́kọ́ dìde. Ó rìn dé ìdí ògiri, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. "Ibí ni tèmi parí sí. Gé e jinlẹ̀ kọjá ibẹ̀." Eluned gé e. Iyanrìn odò ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Eluned ka ìwé ìwádìí rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ létí níwájú mi. Ìpele ìkọ́lé kìíní, gbọ̀ngàn: ọmọ aládé. Ìkejì, ilé ìṣọ́: ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìkẹta, àtúnṣe ilé ìṣọ́: Idwal Pritchard, 1974.

"Ṣé o kọ sìmẹ́ńtì yẹn sí i?"

"Mo kọ ọ́."

"Ìkúnwọ́ kan lo kọ, àbí o ti sọ ọ́ di àpò kan?"

"Ìkúnwọ́ kan ni, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí n bu tíì sí i fún òun.