Nígbà Tí Iná Dé Etí Oko Lọ́jọ́ Tí Ilẹ̀ Ń Sinmi

Òórùn èéfín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Abẹ́ igi máńgòrò la wà, èmi àti àwọn obìnrin pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ abúlé kan lẹ́yìn Kumasi ní Gánà, níbi tí mo ti ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dáko láì pa ilẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni mí, àmọ́ Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi, ni wọ́n bí mi sí. Hajia ni gbogbo wọn ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà.

Ẹ̀kọ́ tó le jù lọ́wọ́ mi ni èyí tí àwọn Asante ń pè ní proka. Tá a bá ṣánko tán, a kì í dáná sun ún. A ó tẹ́ koríko àti ewé náà sórí ilẹ̀ kó jẹrà, kó fún ilẹ̀ lọ́ràá. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Serwaa, olórí ẹgbẹ́ wọn, ló kọ́kọ́ gbà, làwọn yòókù bá tẹ̀ lé e. Oúnjẹ ọmọ wọn ló wà nínú oko náà, kókò, ẹ̀gẹ́ àti àgbagbà. Ewé tí mo ní kí wọ́n tẹ́ ló sì bo gbogbo rẹ̀, ọyẹ́ ti mú un gbẹ. Tó bá jóná, ta ló tún máa gbọ́ tèmi?

A sáré débẹ̀. Àwọn ọdẹ ló dáná sungbó láti lé òyà jáde, iná ọ̀hún bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ sì ń tì í bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Odò jìnnà. Mo fa ọkọ́ yọ nínú ahéré kí n fi ha etí oko, kí iná má rí nǹkan jẹ. Serwaa di ọwọ́ mi mú.

“Dabi, Hajia, dabi,” ó ní, ìyẹn rárá. “Òní Yawoada ni.”

Mo mọ̀. Yawoada ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí Asase Yaa, ìyẹn ilẹ̀ fúnra rẹ̀, fi ń sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ráyè kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Èèyàn lè gba oko kọjá, ṣùgbọ́n irin ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò, àgùntàn ni yóò fi bẹ ilẹ̀, wọ́n sì lè lé àlejò bíi tèmi lọ pátápátá. Ẹ̀rù iná ń bà mí, ẹ̀rù ilẹ̀ onílẹ̀ sì ń bà mí.

“Ṣé irin ni ọwọ́ lásán?” mo bi í.

Mo sọ ọkọ́ padà sínú ahéré, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kó ewé kúrò, mo ń ka Ayatul Kursiyyu, ẹsẹ Kùránì tí a fi ń wá ààbò. Serwaa wò mí, òun náà kúnlẹ̀. Ni gbogbo wọn bá kúnlẹ̀. A fi èékánná ha á títí ilẹ̀ pupa fi yọ. Ooru iná ń jó wa lójú. Ejò kan gba àárín wa sá kọjá, kò sẹ́ni tó yà fún un.

Iná mú àgbagbà díẹ̀ ní igun kan. Nígbà tó dé ibi tí ilẹ̀ ti ṣófo, ó jó lọ, ó jó bọ̀, ó kú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà abúlé wá wò ó bóyá ojú irin wà nílẹ̀. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ipa ìka wa, ó gbọn eruku nù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni kí Serwaa sọ pé àwọn máa padà sí igbó sísun, bí ìyá àwọn ti ń ṣe. Ó jókòó, ó ń wo èékánná rẹ̀ tó ti ya.

“Hajia,” ó ní, “lọ́dún tó ń bọ̀, a ó tètè fi ọkọ́ ha etí oko yí ká kí ọyẹ́ tó dé. Inú oko, ewé á ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Yawoada la máa ha á o.”

Mo bú sẹ́kún níwájú wọn bí ọmọdé.