Àmín fún Sẹ́lò

Òórùn oje igi tí ọmọ mi fi ń ra ọ̀pá fáólìn rẹ̀ ló gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀kà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí àlejò mẹ́ta wá fi dùùrù, fáólìn àti sẹ́lò, ìyẹn fáólìn ńlá tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kọrin fún wa. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, Màámi ò la ẹnu rẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì gbàdúrà mọ́ nílé.

Sẹ́lò ń kùn bí ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀, bẹ́ǹṣì ń gbọ̀n lábẹ́ itan mi. Bí wọ́n ṣe dákẹ́ díẹ̀, Màámi ní, "Àmín."

Gbogbo ìjọ gbè é: "Àmín o!"

"Màámi, ta ló gbàdúrà?"

Ó nawọ́ sí sẹ́lò. "O ò gbọ́ ni?"

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé orin náà ò tíì parí, ó yẹ ká dákẹ́ de apá kejì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, Màámi ló gbàdúrà sórí iyán wa.