Èémí Inú Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá

Epo dúdú ń dà láti abẹ́ mọ́tò ìjàpá náà sínú ọpọ́n, oòrùn ọ̀sán tàn sí i, mo wá rí i pé nǹkan ń dán nínú rẹ̀. Wẹ́wẹ́ ni, ó pupa bíi yẹtí ìyá mi. Kí n tó lanu, àbúrò bàbá mi, tó ni mọ́tò, ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ìka bọ epo, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Wúrà ni, ó ní, ẹ wá wo wúrà. Bàbá ìyá mi ṣì dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò. Sìpánà rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ tó ń kan irin.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni à ń gbé nígbà náà, nílé bàbá ìyá mi yìí. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òòlù kékeré ló fi ń kan ẹsẹ̀ onírin ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, tí á máa fetí mọ èyí tó ti sán. Ó fẹ̀yìn tì, àmọ́ etí rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Bí ìyá mi bá ń gúnyán, á ti inú yàrá ké sí i pé odó yẹn ti fẹ́ là. Ó máa ń sú ìyá mi. Odó náà sì là lóòótọ́.

Ìperindó ni àbúrò bàbá mi ti ń ṣe oko kòkó àti obì. Ọkùnrin kan ní Iléṣà ló bá a tún ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá fẹ́ kó lágbára sí i, kó lè fi máa kó obì àti èrò gun òkè wọn, ló ṣe gbé e wá kí bàbá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, sọ irú kabúrétọ̀ àti písítìn ńlá tí òun máa rà. Bó bá ń padà lọ ní ọjọ́ kejì, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi ọmọ ọwọ́ la máa bá a lọ kí àwọn ará ilé bàbá mi ní Ìperindó. Ìyá mi ti di ẹrù. Bàbá ní kí òun yẹ ohun tó wà nílẹ̀ wò ná kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun.

Ẹ má fi àbúrò bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá dàgbà sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó rí nǹkan pupa tó ń dán nínú ìdọ̀tí, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Inú kòtò awawúrà àtijọ́ kan ní Ìtagunmodì, tí omi ti kún, ni wọ́n sì ti fa mọ́tò mìíràn tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà lára rẹ̀ yọ. Àbúrò bàbá mi fi gèlè ògbólógbòó sẹ́ epo náà, ó ń fi Ìjẹ̀ṣà bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá kò bá a jiyàn. Ó ní kí n mú ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ wá, ó fún un sórí nǹkan dídán náà nínú àwo, ó ní ó di òwúrọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti yọ àwọ̀ ewé.

Bàbá ní, "Idẹ ni, àna mi. Ẹ́ńjìnnì yín ń jẹ eegun ara rẹ̀."

Ojú àbúrò bàbá mi rẹ̀wẹ̀sì, àmọ́ ó ní kò burú, òun á ra idẹ tuntun mọ́ ìyókù. Bàbá di kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí mú, ó tì í, ó fà á. Kọ̀, ló dún. Ó tún ṣe é, ó tún dún. Ó ní kò yẹ kó dún. Lẹ́yìn náà ó tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí n mú ọwọ́ wá, nítorí òòlù ti sọ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ di gìgísẹ̀, kò gbọ́ èémí mọ́. Èmi á fọwọ́ dí ihò, àbúrò bàbá mi á máa fi sìpánà yí ẹ́ńjìnnì, èmi á sọ bó ṣe ń mí.

Àkọ́kọ́ ti ọwọ́ mi padà, fúù. Ìkejì bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni bàbá fi ṣe ìparí, òun ni èémí rẹ̀ sì rọ̀ jù. Ọ̀sán ti pọ́n, òùngbẹ ń gbẹ àbúrò bàbá mi. Ó gbé sìpánà sílẹ̀, ó lọ mu omi. Mo rí i nídìí àmù, ife lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà náà ni ihò kẹta mí.

Ó rọra mí síta, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rin ọwọ́ mi. Òórùn ẹrẹ̀ kòtò ni. Ó wá mí sínú, ó fa àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ra, bí àbúrò mi ṣe máa ń mí tó bá sùn. Mo wo kẹ̀kẹ́ bẹ́líìtì. Kò yí. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè mú ọwọ́ kúrò.

"Bàbá, ta ló ń yí i?"

Ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́. Ó yọ ọwọ́ mi, ó fi tirẹ̀ sí i, ọwọ́ tó ní kò gbọ́ nǹkan mọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ ata lẹ́yìnkùlé kejì parí, ó palẹ̀ mọ́, ọwọ́ bàbá ṣì wà níbẹ̀. Ó wá ṣí fìlà. Ó bi àbúrò bàbá mi pé ta ló wa mọ́tò yẹn wọ kòtò. Ìyẹn ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Mọ́tò ni wọ́n rí fà yọ, wọn kò rí ẹni tó wà á, ẹnikẹ́ni kò sì wá bèèrè.

Bàbá fi ọwọ́ lásán dá plọ́ọ̀gì padà, jẹ́jẹ́. Ó fẹnu súnmọ́ ẹ́ńjìnnì náà lọ́sàn-án gangan, ó ní, "Ó dàárọ̀ o."

Ó yíjú sí àna rẹ̀. "Ẹ má fi agbára kún ti ẹni tó ń wá ìsinmi."

Àbúrò bàbá mi bínú. Ó ní òun máa wà á lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gbé ọmọ pọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀. Àbúrò bàbá mi wo ọwọ́ ìyá mi títí, ó wá jókòó. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ló gbé sínú mọ́tò náà. Ó fi kó obì títí ó fi darúgbó, ó sì wà láyé dòní, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ wúrà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ti àkọ́kọ́ ń bẹ nídìí ògiri wa lábẹ́ àpò ìdọ̀họ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí bàbá fi lọ, ó máa ń kí i kó tó wọlé.

N kò jogún etí rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yìí ni mo mú níbẹ̀. Bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ láti ọ́fíìsì, mo máa ń gbé e lé mọ́tò kí n tó wọlé. Dírébà á rẹ́rìn-ín, á ní ṣé mọ́mì ń gbàdúrà ni.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe wá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì náà. Ó ń fi oríṣiríṣi kabúrétọ̀ hàn mí lórí fóònù, ó ní á sáré. Mo ní kó kọ́kọ́ tú plọ́ọ̀gì kẹta, kó fọwọ́ dí i. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé ṣe ń rẹ́rìn-ín fún àgbàlagbà, ó sì ṣe é. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. N kò tíì sọ ìtàn kankan fún un o.

"Mà, ta ló ń yí i?"

Kò dúró gba èsì, kò sì pè mí mọ́. Mo dá plọ́ọ̀gì padà fúnra mi, mo fi àpò bò ó. Oòrùn ń ràn gan-an lágbàlá. Mo sọ fún un pé ó dàárọ̀, mo sì yára wọlé.