Ihá tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀kan

Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó lọ ra sìmẹ́ńtì ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin.

“Ìyá Ọpẹ́, ṣé ihá yẹn ti gbẹ?”

Mo ní ó ti gbẹ.

“Ṣé o fọ̀ ọ́ lóòótọ́, àbí o tún kàn fi omi kí i?”

“Ẹ máa bọ̀ wálé jàre, aláwàdà.”

Kò wálé mọ́. Ọ̀kadà tó ń gbé e bọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ agbégi.

Lazarus Akọ́ládé ni ọkọ mi, bíríkìlà l'Ọ̀sì níbí. Kì í po kọnkéré kó má fi ihá sí i, ìyẹn fọ́nrán tó máa ń ṣẹ́kù lára ẹyìn tí a bá ti fún epo rẹ̀ tán, tí àwa obìnrin fi ń dáná. Èmi ni mo ń fún epo, ihá ò sì wọ́n wa. Á gé e wẹ́wẹ́, á fọ́n ọn sínú yanrìn àti sìmẹ́ńtì. Ó ní kọnkéré lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò gba fífà. Ihá ló ń dì í mú kó má sán. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, “Bàbá Ọpẹ́, ata ńkọ́? Ẹ ò fi iyọ̀ sí i?”

Epo nìkan ló ń bà á jẹ́. Bí epo bá ṣì wà lára ihá, sìmẹ́ńtì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń fi omi eérú fọ̀ ọ́.

Ìgbà tí ìjọ ní kó da ìdérí kànga ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ tó yẹ kí n fọ ihá rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà Iloffa. Mo ń kánjú. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sá a. Oṣù méjì ò pé tí ìdérí náà fi sán láti etí dé etí. Ọláoyè, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, dìde láàárín ìjọ: “Kọnkéré la ní kí wọ́n dà, wọ́n lọ da ìdáná sí i.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dorí kodò, kò dárúkọ mi. Ó lọ fa fọ́nrán kan yọ níbi tó sán, ó fi ìka ra á, ó wo epo tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun á tún un dà. Ìdí tó fi lọ ra sìmẹ́ńtì nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi ìdérí tó sán, kì í ṣe òun.

“Màmá, ẹ jókòó,” Ọláoyè wí. “Ọlọ́run ti dárí jì wọ́n.”

“Ọkọ mi ò dẹ́ṣẹ̀ kankan!”

Wọ́n dá orin láti fi bo ohùn mi.

Àwọn bíríkìlà tó kù ní àwọn ò mọ bó ṣe ń pò ó. A ò tíì tún ìdérí náà dà.