Ọ̀rọ̀ Tí Àbúrò Màámi Tò

Bí lẹ́tà Scrabble bá ti ń ró ṣaraṣara nínú àpò, ọkàn mi á padà sí Ìlobù.

Ìjà ilẹ̀ àárín Ìlobù àti Ìfọ́n ti ń gbóná, síbẹ̀ àbúrò màámi wá láti Ìfọ́n lọ́sàn-án láti bá bàámi ta Scrabble. Ó to "zax".

"Kí nìyẹn?" ni bàámi wí.

"Àáké tí wọ́n fi ń gé òkúta òrùlé ni, bọ̀dá."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ já ilẹ̀kùn wọlé. "Ọmọ Ìfọ́n dà?"

Ìyá bàámi tú ìró dànù. "Ẹ pa èmi ná!"

Ìhòòhò ìyá àgbà bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n ń fà sẹ́yìn, àfi ẹnì kan. Àdá rẹ̀ bà lé àbúrò màámi lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ta sí mi lójú.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹni tó ṣá a yẹn ló kọ́ àbúrò màámi ní Scrabble.